Kí Ni Obì Ń Sọ Nígbà Tó Bá Ní “Alafia”?

Láti bí oṣù mélòó kan ni ìwé pélébé kan ti ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́ láàárín àwọn ọmọ òrìṣà níhìn-ín ní Miami. Ojú ewé méjì péré ni. Ẹni tó kọ ọ́ kò fi orúkọ sí i, àwa náà kò sì ní wá orúkọ rẹ̀ kiri. Iṣẹ́ là ń yẹ̀ wò. Ó to orúkọ márààrún tí obì àgbọn ń jẹ́ nínú ẹ̀sìn Lukumí: Alafia, Etawa, Ejife, Okana àti Oyekun. Ó sì fi ìtumọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ìkọ̀ọ̀kan ní èdè Spéènì. Ó ti pẹ́ tí ẹgbẹ́ wa ti ń sọ pé ó yẹ kí irú ìwé bẹ́ẹ̀ wà, nítorí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń da obì lójoojúmọ́ ni kò mọ ohun tí orúkọ tí wọ́n ń pè túmọ̀ sí ní èdè tó bí i. Ẹni tó jókòó kọ ọ́ ti gbìyànjú, a sì kí i. Mẹ́rin nínú márùn-ún kò ní ìjà nínú. Alafia nìkan la fẹ́ bá a sọ, nítorí ohun tó kọ sí ẹ̀gbẹ́ Alafia lè kó ènìyàn sí wàhálà.

Ohun tó kọ nìyí, bí a bá dá a padà sí Yorùbá: àlàáfíà pátápátá, ìbùkún tí kò ku síbì kan, kí a má ṣe bi obì mọ́. Ó wá fi àlàyé orísun ọ̀rọ̀ náà gbè é lẹ́sẹ̀. Ó ní “alá” ni ẹni tó ni nǹkan, pé “fia” sì ni Ifá tí ahọ́n àwọn ará Kúbà yí sódì. Alafia, ó ní, ni “ẹni tó ni Ifá”. Ifá kì í sì í purọ́, ìdí nìyẹn tí a kò fi gbọdọ̀ tún un bi. Lórí ẹ̀dà tó dé ọwọ́ wa, ẹlòmíràn ti fi bírò pupa kọ tirẹ̀ sí ìsàlẹ̀: ọ̀rọ̀ àwọn Ìmàle lèyí, kò kan òrìṣà, ẹ yọ ọ́ kúrò. Ẹnì kìíní gbé ọ̀rọ̀ náà gorí àjà, ẹnì kejì fẹ́ lé e jáde nílé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti Ifá kúrò lọ́nà, kò ní pẹ́. Ẹni tó ni nǹkan là ń pè ní “oní”. Bí orúkọ nǹkan náà bá fi “i” bẹ̀rẹ̀, oní kì í pa ara rẹ̀ dà: onífá, onílé, onílù, oníṣẹ́. Ìgbà tí orúkọ bá fi “a” bẹ̀rẹ̀ ni oní ń di “alá”: aláṣọ, aláàánú, aláàfin. Nítorí náà ẹni tó ni Ifá, onífá ni yóò máa jẹ́ títí ayé. Kò sí ahọ́n Kúbà kankan tó lè sọ ọ́ di aláfíà. Bí ìwé náà bá sì wá ní “alá” àti “àfíà” ni ọ̀rọ̀ náà já sí, kí ó fi àfíà hàn wá. A kì í ra àfíà lọ́jà, a kì í fi í jẹ oyè, kò sí nínú oríkì ẹnikẹ́ni. Etí Yorùbá ló gbọ́ “alá” níbẹ̀, nítorí etí wa ti mọ́ “alá” lára. Ọ̀rọ̀ tó wá láti òkè òkun máa ń bọ́ sínú irú aṣọ bẹ́ẹ̀ bó bá pẹ́ nílé wa.

Ká tó kúrò níbẹ̀, àwọn tó ń túmọ̀ orin Ṣàngó ní láti ṣọ́ra. Nínú àwọn ìwé ìkọ̀wé àwọn àgbà Kúbà, tí wọn kì í fi àmì ohùn sí, “alafi” àti “alafia” jọ ara wọn bí ìbejì. A ti rí ìtumọ̀ níbi tí Aláàfin, ọba Ọ̀yọ́ tó ń yọ iná lẹ́nu, ti di “àlàáfíà”, tí orin ọba di orin ìfọ̀kànbalẹ̀. Ààfin ni Aláàfin ti wá. Òun àti àlàáfíà kò bá ara wọn tan.

Níbo wá ni àlàáfíà ti wá? Ẹni tó ní bírò pupa gba èyí: láti inú èdè Lárúbáwá ni. Ọ̀rọ̀ náà ni ʿāfiya. Bí a bá fi “al” ṣáájú rẹ̀, ó di al-ʿāfiya. Ìdí rẹ̀ ni ọ̀rọ̀-ìṣe kan tó túmọ̀ sí kí a nu nǹkan nù, kí ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ pa rẹ́, bí afẹ́fẹ́ ṣe ń pa ojú ẹsẹ̀ rẹ́ lórí iyanrìn. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti rí ìdáríjì: a nu ẹ̀ṣẹ̀ nù. Ọ̀kan nínú àwọn orúkọ tí àwọn Mùsùlùmí ń pe Ọlọ́run, al-ʿAfuww, láti ìdí kan náà ló ti wá, òun sì ni ẹni tó ń nu ẹ̀ṣẹ̀ nù. Láti ibẹ̀ náà ni wọ́n ti rí ìlera: a nu àìsàn nù lára. Ẹ fi èyí sọ́kàn, pé ní ìpilẹ̀ṣẹ̀, nǹkan kan ti wà lára tẹ́lẹ̀ kí a tó nù ún. Àlàáfíà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹni tí nǹkan kan kò ṣe rí.

Ó rìn jìnnà. Àwọn Haúsá ń pè é ní lafiya. Àwọn Mòsí ní Burkina Faso ń pè é ní laafi, àwọn Dàgọ́ḿbà ní àríwá Ghana ní alaafee. Ní Ìlà Oòrùn Áfíríkà, àwọn tó ń sọ Swahili ní afya, ìlera nìkan ni wọ́n sì ń lò ó fún. Àwọn ará Tọ́kì ń fi í kí ẹni tó ń jẹun: afiyet olsun, kí oúnjẹ ṣe é lóore lára. Ní Mòrókò ló ti ṣe ohun ìyanu, a ó sì padà síbẹ̀. Kò yọ Spéènì sílẹ̀ náà. Láti ọdún 711 títí di 1492 ni àwọn Mùsùlùmí fi jọba ní apá kan ilẹ̀ yẹn tàbí òmíràn, ọ̀rọ̀ Lárúbáwá sì kún èdè Spéènì bámúbámú. Ọ̀kan nínú wọn ni “alafia”, ọ̀rọ̀ àtijọ́ tí kò sẹ́ni tó ń lò ó mọ́, tí ìwé atúmọ̀ èdè wọn ṣì tọ́jú. Àánú àti ìdáríjì ló túmọ̀ sí: ẹni tó bá ṣẹ̀ a bẹ̀bẹ̀ fún alafia.

Àwọn kan láàárín wa ti gbá èyí mú. Wọ́n ní ẹ ò rí i pé ọ̀dọ̀ àwọn òyìnbó Spéènì ni àwọn àgbà Kúbà ti gbọ́ Alafia, tí wọ́n fi sọ obì. Ó dùn létí, ṣùgbọ́n Bahia kò jẹ́ kó dúró. Ní Bràsíl, èdè Potogí ni wọ́n ń sọ, orílẹ̀-èdè mìíràn ló kó àwọn baba wọn lẹ́rú lọ síbẹ̀, inú ọkọ̀ mìíràn ni wọ́n gbé wọn sí. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn ọmọ Kétu ní Bahia bá da obì, tí ojú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣí sókè, alafia náà ni wọ́n ń pè é. Àwọn ọmọ méjì tí wọ́n yà ní kékeré, tí ọ̀kan dàgbà ní Matanzas tí èkejì dàgbà ní Salvador, tí wọ́n wá ń pe nǹkan kan náà ní orúkọ kan náà, ilé ni wọ́n ti kọ́ ọ. Orúkọ náà ti wà lẹ́nu àwọn tó ń da obì kí wọ́n tó wọkọ̀. Ọ̀rọ̀ Spéènì yẹn jẹ́ ìbátan tiwa, ọmọ bàbá kan, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló bí i.

Ọ̀nà ilẹ̀ ni tiwa gbà dé. Àwọn oníṣòwò tó ń gba Odò Ọya kọjá ti mú ẹ̀sìn Ìmàle wọ ilẹ̀ Yorùbá tipẹ́tipẹ́ kí ogun jìháàdì tó bẹ́ sílẹ̀ ní ilẹ̀ Haúsá ní ọdún 1804. Kì í ṣe Haúsá nìkan ló gbé ọ̀rọ̀ Lárúbáwá fún wa. Stefan Reichmuth, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì, ti kọ̀wé nípa àwọn ọ̀rọ̀ Songhay tó wọ inú Yorùbá lọ́nà yìí. Ọ̀nà yòówù kí àlàáfíà gbà, kò dá wá. Àdúrà bá a wá. Wákàtí bá a wá. Àṣírí, fìtílà, ìwàásù, àlùbọ́sà, gbogbo wọn ló tẹ̀lé ara wọn wọlé bí àlejò tó mú ẹrú lẹ́yìn, wọ́n sì di ọmọ ilé.

Ìdí nìyí tí a kò fi lè gbà fún bírò pupa. Òótọ́ ló sọ nípa ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá, ṣùgbọ́n ìdájọ́ tó dá lé e kò tọ̀nà. Bí a bá ní kí a lé àlàáfíà jáde nítorí pé Lárúbáwá ni, a kò ní lè gbàdúrà mọ́, a ó sì wá orúkọ mìíràn fún ohun tí a ń fi pa mọ́ nínú igbódù, nítorí àṣírí náà yóò bá a lọ. Olórìṣà Kúbà tó ń bá wa jà lórí Alafia kì í gbàdúrà kan tán láìjẹ́ pé ó sọ “ojalá”, bẹ́ẹ̀ orúkọ Ọlọ́run ní èdè Lárúbáwá ló wà ní ìdí ọ̀rọ̀ náà. Ifá fúnra rẹ̀ kò lé wọn: nínú Òtúrá Méjì, àwọn Ìmàle ní ilé tiwọn, wọ́n ní ìtàn tiwọn, gbogbo babaláwo ló sì mọ̀ ọ́n. Àwọn tí wọ́n kó lọ sí Kúbà àti Bràsíl nígbà tí Ọ̀yọ́ ń wó kò jẹ́ ẹlẹ́sìn kan ṣoṣo. Ní oṣù Kìíní ọdún 1835, àwọn Nàgó tó jẹ́ Mùsùlùmí wà lára àwọn tó dìde ogun ní ìgboro Salvador, ìlú kan náà tí àwọn olórìṣà Nàgó ń gbé. Ahọ́n kan náà ni àwọn méjèèjì fi ń kí ara wọn láàárọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ Yorùbá tí kò ní Ìmàle nínú, Yorùbá tí kò tí ì sí rí ló ń wá.

A ti sọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá. Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá kò sọ ohun tó ń ṣe lórí ẹní, ibẹ̀ sì ni ìwé pélébé náà ti ṣì wá lọ́nà jù.

Ẹ wo orúkọ márààrún wò. Okana: ọ̀kan wà nínú Ọ̀kànràn, funfun kan ṣoṣo ló sì ṣí sókè. Ejife: èjì wà níwájú rẹ̀, funfun méjì. Etawa: ẹ̀ta wà níbẹ̀, funfun mẹ́ta. Oyekun ni Ọ̀yẹ̀kú, òkùnkùn gbogbo, orúkọ odù tí ọmọ kékeré mọ̀. Láti ọ̀kan dé ẹ̀ta, obì ń kà. Nígbà tó wá kan ẹ̀rin, tó yẹ kó tún kà, ó dákẹ́ ìkà, ó ní àlàáfíà. Nínú gbogbo wọn, òun nìkan ni kì í ṣe iye, kì í sì í ṣe odù. Kí ni? Ìkíni ni.

Ẹ jẹ́ ká wo bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe ń gbé lẹ́nu Yorùbá, kì í ṣe bó ṣe dùbúlẹ̀ sínú ìwé. Ẹnikẹ́ni nínú wa tó bá ní ẹbí nílé mọ̀ ọ́n. Tẹlifóònù dún ní aago mẹ́ta òru, o rí i pé láti ilé ni, àyà rẹ já. “Ṣé àlàáfíà ni?” ni o kọ́kọ́ bi. “Àlàáfíà ni, a dúpẹ́.” “Àwọn ọmọ ńkọ́?” “Àlàáfíà ni wọ́n wà.” “Màmá ńkọ́?” “Wọ́n wà.” Ẹni náà tún béèrè iṣẹ́ rẹ, ó béèrè òtútù, ó kí ìyàwó rẹ. Lẹ́yìn náà ló tó sọ pé, ó mà ṣe o, bàbá ti dákẹ́. Ìgbà mélòó ni ó ti sọ àlàáfíà fún ọ kó tó débẹ̀? Kò sì purọ́ fún ọ. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn. A kì í ju ọ̀rọ̀ lu ènìyàn lójú. Àlàáfíà ni ẹní tí a kọ́kọ́ tẹ́ kí ọ̀rọ̀ tó jókòó.

Bẹ́ẹ̀ náà ni lójú ọjọ́. Ẹni tí orí ń fọ́, tí owó ilé ń lé kiri, bí o bá kí i, àlàáfíà ni yóò dá ọ lóhùn. Àgbà tó bá fẹ́ gbọ́ òótọ́ kì í dúró níbẹ̀. Á ní “ẹn-ẹ́n”, á sún àga mọ́ ọn, á tún bi í lẹ́ẹ̀kejì.

Àwọn àgbà Kúbà ń ṣe ohun yìí gan-an pẹ̀lú obì. Ní ọ̀pọ̀ jùlọ nínú àwọn ilé Lukumí tí a mọ̀, Alafia kì í dá dúró. Bí ó bá jábọ́, wọ́n á dúpẹ́, wọ́n á kó àgbọn nílẹ̀, wọ́n á tún un dà. Bí Ejife tàbí Etawa bá tẹ̀lé e, ọ̀nà ti là. Bí Okana tàbí Oyekun bá tẹ̀lé e, ọ̀rọ̀ ṣì wà nílẹ̀, a ní láti wádìí rẹ̀. Ejife ni ìdáhùn tó le bí òkúta, méjì funfun méjì dúdú. Òun ni wọ́n ń sọ nípa rẹ̀ pé ohun tí a ti mọ̀, a kì í bi í mọ́. Ìwé pélébé náà ti gba ọ̀rọ̀ Ejife fún Alafia. Ó rí funfun mẹ́rin, ó rò pé mẹ́rin ju méjì lọ, bí ẹni tó ń ka owó.

Ó ti pẹ́ tí òfin àtúndà yìí ti ń ya àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa lẹ́nu. Wọ́n máa ń béèrè pé bí Alafia bá jẹ́ àlàáfíà, kí ló dé tí a tún ń ṣiyèméjì? Àwọn kan ní àwọn ará Kúbà ló gbàgbé ìtumọ̀ rẹ̀. Èrò tiwa yàtọ̀ sí èyí pátápátá. Àwọn arúgbó tí èdè ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lẹ́nu wọn, tí wọn kò lè sọ gbólóhùn Yorùbá mẹ́ta ní títò, pa ìlò ọ̀rọ̀ náà mọ́ sínú ọwọ́ wọn nígbà tí ìtumọ̀ rẹ̀ ń bọ́ lórí ahọ́n. Wọ́n mọ̀ pé bí obì bá ní àlàáfíà, ó kí wa ni. A ó dáhùn, a ó sì béèrè ohun tí a wá bi.

Ní ilé kan tí a bá wọn pé jọ sí, wọ́n ń bi Ẹlẹ́gbára nípa ìyá kan tí ara rẹ̀ kò yá. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló gbé ẹbọ wá. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó da àgbọn dà á dáadáa, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tẹ́ funfun nílẹ̀. Inú ilé dùn. Ó ti ń kó wọn sínú igbá, ó ní ìwé sọ pé kí a má bi í mọ́. Ìyálórìṣà àgbà tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ọmọ Matanzas tí kò ka ìwé púpọ̀, kàn tẹnu bọ̀ ọ́ ní Spéènì: ọmọ mi, ó kí ọ ni, dá a lóhùn. Wọ́n tún un dà. Okana. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bi í lọ́kọ̀ọ̀kan: ṣé ẹbọ ló kù? Rárá. Ṣé ọ̀rọ̀ òkú ni? Rárá. Ìgbà tí wọ́n kan ilé ìwòsàn ni Ejife jókòó. Ọkùnrin náà dorí kodò. Dókítà ti ní kí ìyá padà wá fún àyẹ̀wò, ó ti lé ní oṣù kan, kò sẹ́ni tó gbé e lọ. Ó ti rò pé bí òrìṣà bá gba ẹbọ, ó tán. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ló gbé e lọ. Bí ọ̀rọ̀ ìyá náà ṣe wá já sí, ti ìdílé wọn ni. Ohun tó kàn wá ni ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀ bí àgbọn bá ti wọ inú igbá lórí àṣẹ ojú ewé méjì.

A ṣèlérí láti padà sí Mòrókò. Ní Lárúbáwá tí àwọn ará Mòrókò ń sọ nílé, ọ̀rọ̀ yìí kan náà, al-ʿāfiya, iná ni wọ́n ń fi pè. Iná tí ń jó! Wọn kì í fẹ́ pe iná ní orúkọ rẹ̀, nítorí orúkọ yẹn ti di ti ọ̀run àpáàdì, ni wọ́n ṣe fi orúkọ rere bò ó, bí àwa náà ṣe ń pe ṣànpọ̀nná ní ilẹ̀ẹ́gbóná, tí a sì ń pe ejò ní okùn ilẹ̀ lóru. Ọ̀dọ̀ àwọn Haúsá, bí ẹnì kan bá sáré wọlé pẹ̀lú òógùn lójú, “Lafiya?” ni wọ́n ń bi í, ohun tó ń bẹ nínú ìbéèrè náà sì ni: kí ló dé? A kò sọ pé Fez ló kọ́ Havana ní nǹkan kan. Ohun tí a ń sọ ni pé ọ̀rọ̀ yìí ní ìwà kan tó ń gbé kiri láti ìlú dé ìlú. Iwájú ewu ni wọ́n máa ń gbé e sí. Ẹnu ọ̀nà ló ń jókòó sí.

Ìwé atúmọ̀ èdè kò lè fi èyí hàn wá, a kò sì dá àwọn tó kọ wọ́n lẹ́bi. Samuel Crowther, tí wọ́n mú lẹ́rú ní Òṣoògùn ní 1821, gbé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá tirẹ̀ jáde ní 1843. Lydia Cabrera tẹ Anagó jáde ní Havana ní 1957, ọ̀rọ̀ tó gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà ló kọ síbẹ̀, pẹ̀lú etí Spéènì, láìsí àmì ohùn. Ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀ ni ìwé ńlá ti R. C. Abraham jáde. Owó àpò wa la fi ra wọn, ojú wọn ti gbó lọ́wọ́ wa. Iṣẹ́ wọn ni láti sọ ohun tí ọ̀rọ̀ jẹ́. Ìgbà tí a ń sọ ọ́, ẹni tí a ń sọ ọ́ fún, ohun tó ń tẹ̀lé e, ẹnu ènìyàn àti ọwọ́ àgbà ni a ti ń kọ́ ọ. Ẹni tó kọ ìwé pélébé yìí ní àgbà lágbègbè rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìwé nìkan ló bi léèrè.

Àwọn kan yóò sọ pé, ṣùgbọ́n funfun ni, ti Ọbàtálá ni, báwo ni funfun gbogbo kò ṣe ní jẹ́ rere? Rere ni. A kò sọ pé Alafia burú, a kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni jáde nílé wa kó lọ sọ pé a ní Alafia jẹ́ àmì ibi. Ẹni tó kí ọ, tó fi ẹ̀rín kí ọ, rere ló ṣe fún ọ. Orí ẹ ni kò tíì dé. Àwọn ilé kan sì wà tí wọ́n ń gba Alafia bẹ́ẹ̀ láìtún un dà bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti ọpẹ́, bí ẹni tó wá dúpẹ́ tí kò wá béèrè nǹkan kan. Ìyẹn bá èrò wa mu: ẹni tó wá kíni, ìkíni ló gbà padà. Ẹ tẹ̀lé ilé yín. Ohun tí a ń kọ̀ ni kí a fi ìtumọ̀ tó ti inú ìwé wá lé àṣà ilé kúrò, pàápàá níbi tí aláìsàn bá wà.

Nítorí náà, bí ẹni tó kọ ọ́ bá ń ka ìwé ìròyìn wa, ẹ̀bẹ̀ wa fún un kéré. Kó fi mẹ́rin yòókù sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. Kó yọ ọ̀rọ̀ Ifá kúrò lára Alafia, kó sì má gbọ́ ti bírò pupa. Bí a bá ní kí a bá a kọ ọ́, ohun tí a ó fi síbẹ̀ nìyí:

Alafia, ní Yorùbá àlàáfíà. Láti inú Lárúbáwá, ó sì ti pẹ́ nílé Yorùbá. Wọ́n mọ̀ ọ́n ní Kúbà, wọ́n mọ̀ ọ́n ní Bahia. Ìlera, ìfọ̀kànbalẹ̀, ọ̀rọ̀ tí a fi ń kí ara wa kí a tó sọ ohun tó gbé wa wá. Bí obì bá sọ ọ́, òrìṣà kí yín. Ẹ dúpẹ́. Ẹ kó àgbọn nílẹ̀, ẹ bi í bí ilé yín ṣe ń bi í.

Tí àyè bá ṣẹ́ kù ní ojú ewé náà, kó fi àmì ohùn sí i: à-là-á-fí-à. Àwọn ọmọ wa tó ń kọ́ èdè máa ń gbé “fi” àti “a” sókè pọ̀ bí ẹni tó ń pariwo. Ìsàlẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀, ó gùn lọ sókè, ó sì padà sísàlẹ̀ ní ìparí.